Àgbàdo Akùrọ̀ Ń Pọ́n ní Ẹ̀pẹ́? Ẹ Gbẹ́ Ihò Wò Kí Ẹ Tó Ra Yùríà

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀ dáadáa, ewé àgbàdo akùrọ̀ etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ a máa pọ́n bí ìyeyè. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ á sáré lọ ra yùríà, ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù. Bó bá jẹ́ omi ló ń pa àgbàdo náà, owó yẹn ti wọmi.

Ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 sáàárín ebè, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 1. Bí omi bá sun sínú rẹ̀ tó fi ku ẹsẹ̀ bàtà 1 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ kó kan ojú ilẹ̀, inú omi ni gbòǹgbò wà. Ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ ihò náà, kí ẹ fọ́ ọ lọ́wọ́. Bó bá rí bí eérú, tó sì ní àmì pupa bí irin tó dógùn-ún, ó ti pẹ́ tí omi ti ń dúró níbẹ̀, kódà bí òkè bá gbẹ. Bó bá ń rùn bí ẹyin òbu, afẹ́fẹ́ ti tán níbẹ̀ pátápátá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa fi náítírójìn inú ajílẹ̀ mí dípò afẹ́fẹ́, náítírójìn náà a sì di gáàsì, a fò lọ.

Ọ̀nà omi ni kí ẹ là, láti ìsàlẹ̀ oko wá sókè, kí omi má baà dà padà lé yín. Lẹ́yìn náà, ẹ kó erùpẹ̀ inú poro bo ẹsẹ̀ àgbàdo. Ní ọdún tó ń bọ̀, kí ebè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀ kí ẹ tó gbìn. Ìgbà tí ewé tuntun bá yọ pẹ̀lú àwọ̀ ewé gidi ni kí ẹ tó fi yùríà sí i: ìdajì ìdérí ìgò fún ìdí kan, kó jìn sí igi àgbàdo tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ bò ó. Èyí tí ẹ dà sílẹ̀ gbalasa, oòrùn á gbé e lọ.

Bí ihò bá gbẹ ńkọ́? Ewé ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, láti ṣóńṣó gba àárín wá, náítírójìn ló tán. Àgbàdo a máa gbà á lára ewé àgbà fún ewé ọmọdé. Bó bá jẹ́ etí ewé ìsàlẹ̀ ló jó, pọ̀tásíọ̀mù, oúnjẹ irúgbìn mìíràn, ló tán. Àpò NPK 15-15-15 (ajílẹ̀ tí a po náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pọ̀tásíọ̀mù pọ̀) tó jẹ́ kílò 50 kò ní ju kílò 7.5 náítírójìn lọ, àmọ́ kílò 23 ló wà nínú àpò yùríà tó jẹ́ kílò 50. Nítorí náà, bó bá jẹ́ náítírójìn nìkan ló tán, ẹ má ra NPK.

Ilẹ̀ òkè tó jẹ́ kìkì iyanrìn kì í di ajílẹ̀ mú. Ẹ pín yùríà sí ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 3 láàárín. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ kílò 10 mọ́ ebè tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 1, ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú gbígbìn. Kí ìgbẹ́ náà ti wà ní òkìtì fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà wò: bó bá ṣì ń gbóná, kò tíì jinná, yóò jó gbòǹgbò.