Ẹ so pákó mọ́ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó ti ọ̀kadà gòkè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi píkọ́ọ̀pù gbé ọ̀kadà láti Àkúrẹ́ lọ sóko kòkó lápá Ìdànrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ pákó tẹ́ ẹ fi ń tì í gòkè yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí pákó má ṣáà ti ṣẹ́, pé tó bá ti nípọn, ó ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Pákó tó ṣe àwa léṣe lọ́dún tó kọjá nípọn dáadáa, kò ṣẹ́ rárá, yíyọ̀ ló yọ̀.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ yẹn. Àbúrò mi tan ọ̀kadà Boxer wa, ó ki í sí jíà kìíní, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bó ṣe ń gun pákó lọ, táyà iwájú ti wọnú ọkọ̀, ó ku tẹ̀yìn, ló bá fún un níná lójijì. Táyà ẹ̀yìn ń yí, àmọ́ dípò kó gbé ọ̀kadà síwájú, pákó ló ń tì sẹ́yìn, bí ẹnu pákó ṣe fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kadà fìdí balẹ̀ gbà, sàlẹ́ńsà tó gbóná janjan sì lẹ̀ mọ́ ojúgun ọmọ náà. Àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, okùn ló ṣáájú. Ẹ ní kí káfíńtà lu ihò méjì sẹ́bàá orí pákó, kẹ́ ẹ ki ṣéènì tàbí okùn tó le bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá so ó mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀, ẹ má so ó mọ́ bọ́ńpà tó jẹ́ rọ́bà o, torí á kàn fà á ya ni. Ẹ fà á kó le. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ti pákó náà sẹ́yìn tagbára-tagbára, tó bá mì, ẹ tún un so. Tẹ́ ẹ bá rí wẹ́dà, kó tẹ irin pẹlẹbẹ kan fún yín tó máa gbẹ́nu lé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi bóòtù dè é mọ́ orí pákó, ìṣó ò lè dì í mú pẹ́.

Gígùn ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹ wọn ún láti ilẹ̀ dé ẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Tó bá jẹ́ 30 íǹṣì, pákó ẹsẹ̀ bàtà 7 àtààbọ̀ lẹ nílò, tó bá tó 36 íǹṣì, ẹsẹ̀ bàtà 9 ni. Àwọn kan á ra ẹsẹ̀ bàtà 12 ní sọ́míìlì, wọ́n á gé e sí méjì kó lè di pákó méjì, ẹsẹ̀ bàtà 6 ò lè dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láéláé, òkè ló máa dúró ṣánṣán sí. Ẹ ra méjì tó gùn. Ọ̀kan fún táyà, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ẹni tó ń tì í, torí ẹni yẹn náà gbọ́dọ̀ gòkè, ibẹ̀ yẹn gan-an làwọn èèyàn kì í rò. Ìrókò tàbí igi líle míì tó nípọn tó 2 íǹṣì, tó fẹ̀ tó 12 íǹṣì, tí kò ní kókó tàbí sísán láàárín, dáa fún ọ̀kadà. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ẹ̀ kẹ́sẹ̀ lè rí nǹkan tẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ ẹrẹ̀ pupa kúrò lára táyà àti bàtà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀kadà onítáyà mẹ́rin tí wọ́n ń gùn nínú igbó ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ó lè wúwo tó 300 kìló, kẹ́ ẹ tó ka ẹni tó jókòó lé e. Ẹ lo ráǹpù irin tàbí ti alumíníọ̀mù méjì, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i dáadáa, torí iye kìló tí wọ́n kọ sábà máa ń jẹ́ ti méjèèjì pa pọ̀, kì í ṣe ti ẹyọ kan. Ẹ wọn àárín táyà sí táyà kẹ́ ẹ tó tẹ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá rí bèbè tàbí òkìtì, ẹ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjú sí i, pákó á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Lọ́nà Ìdànrè, irú ibi bẹ́ẹ̀ pọ̀, mi ò mọ ohun tó ń mú wa gbé e ní ibi títẹ́jú. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀, ẹ fi òkúta há táyà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ti ọ̀kadà gòkè, ẹnì kan di áńdù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ tó ń fa okùn tẹ́ ẹ so mọ́ ọ̀kadà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró sẹ́yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gùn ún gòkè o. Ẹ rọra fún un níná, kó má dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà.

Sísọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe àwọn èèyàn bí nǹkan kékeré. Tí ọ̀kadà bá ń fẹ̀yìn sọ̀, ẹ̀yìn ni gbogbo ìwúwo ẹ̀ lọ, bíréèkì iwájú ò ní dì í mú, táyà iwájú á kàn máa yọ̀ lọ ni. Ẹ pa èńjìnnì, ẹ fi sí jíà kìíní, kẹ́ ẹ wá máa fi kílọ́ọ̀ṣì dá a dúró: tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń sọ̀, tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀, ó dúró gbagidi.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ ti ẹnu epo ẹ̀ pa, ẹ fi okùn mẹ́rin dì í, méjì iwájú lára irin tó so fọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀ lábẹ́ áńdù, kì í ṣe lórí áńdù fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ fà á títí ṣọ́kù iwájú á fi rẹlẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rìn díẹ̀ kúrò ní Àkúrẹ́, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ kan okùn kọ̀ọ̀kan, ìdí ni pé wọ́n máa ń dẹ̀.