Tẹ́ ẹ bá ń fi CBT dín wéètì kù, ẹ yé ṣe báyìí

CBT (cognitive behavioural therapy), ìyẹn ká máa yẹ èrò orí ẹni wò kó tó di ìṣe, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni dókítà Aaron Beck kọ́kọ́ torí ẹ̀ gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1960 sí 1969, ká tó gbé e wọnú ọ̀rọ̀ wéètì. Ó ń ṣiṣẹ́ o, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lò ó ni ò dáa.

Ẹ má kọ oúnjẹ nìkan sínú ìwé. "Aago mẹ́wàá alẹ́, bisikíìtì mẹ́fà." Ó parí? Kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe? Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kọ́wọ́ tó kan páálí: ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ jágbe mọ́ mi tán, inú ń bí mi, mo wá ní "ó yẹ kí n fi nǹkan dídùn tu ara mi nínú". Gbólóhùn yẹn gan-an lẹ ń wá, tó bá ti fojú hàn lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin ẹ máa rí i pé ebi kọ́ ló ń gbé yín lọ sí kíṣìnnì.

Èyí tó burú jù ni "mo ti bà á jẹ́ lónìí, ẹ jẹ́ n kúkú jẹ tó kù, ó di Mọ́ńdè". Háà! Bisikíìtì mẹ́fà ò sọ ẹnikẹ́ni di sísanra, gbogbo ohun tẹ́ ẹ jẹ títí Mọ́ńdè fi dé ló ń ṣe é. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ìwúrí dá a lóhùn, àwọn "mo lè ṣe gbogbo nǹkan" yẹn, ọkàn yín mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ sọ òótọ́: mo jẹ mẹ́fà, oúnjẹ tó kàn á rí bó ṣe yẹ kó rí.

Ẹ má sọ pé ẹ ò ní ronú kan oúnjẹ rárá. Ní 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ní káwọn kan má ronú nípa béárì funfun, béárì ọ̀hún ò kúrò lórí wọn. Ẹ jẹ́ kí ìyánhànhàn oúnjẹ náà wá, ẹ ṣáà ti wo aago, ó máa ń ga ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ti òṣùwọ̀n àràárọ̀ ńkọ́? Omi àti iyọ̀ nìkan lè fi kílò kan lé e mọ́jú, ẹ fi ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀.

Ẹ má sì pa ìwé tì tí wéètì bá lọ tán, torí ebi máa ń le sí i lára ẹni tó ti jò. Ẹ ti pinnu ẹ̀ sílẹ̀: tí kílò méjì bá padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sì ń jẹun ní bòókẹ́lẹ́ tàbí tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì í síta, kó má dá a ṣe, kó lọ rí dókítà.