Bí akẹ́kọ̀ọ́ másítà ṣe lè mọ iṣẹ́ òfin àyíká nídìí odò Ọ̀ṣun

Ohun tí ọ̀gá tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè ni ìwé ìmọ̀ràn tí ẹ ti kọ, tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ tẹ̀ lé e dópin. Ní Òṣogbo, odò Ọ̀ṣun ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwakùsà góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi rẹ̀ di pupa bí ẹrẹ̀, omi náà ló sì ń ṣàn gba inú igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, níbi tí àwọn èèyàn ti ń bù ú mu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó láṣẹ. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á kọ̀wé sí iléeṣẹ́ àyíká ní Abere, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ ìwakùsà kúrò lọ́wọ́ àwọn awakùsà. Agbára ìpínlẹ̀ ò débẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 gbé e fún. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ á wọ fáìlì, á sì sùn síbẹ̀. Ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe ni kí ẹ béèrè: àyẹ̀wò omi, ìkìlọ̀ fáráàlú, omi tó mọ́ fún àwọn tó ń mu ti odò.

Ẹ wá kọ̀wé béèrè èsì àyẹ̀wò lábẹ́ òfin òmìnira ìsọfúnni ti 2011. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fi fèsì, wọ́n sì lè fi 7 mìíràn kún un tó bá nídìí. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Tí ẹ bá kọ pé “gbogbo ìsọfúnni nípa odò”, ẹ máa dúró pẹ́. Ẹ dárúkọ òjé àti mákúrì (mẹ́táàlì olóró ni méjèèjì), oṣù wo sí oṣù wo, ibi tí wọ́n ti bu omi. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà ọwọ́ yín, torí ibẹ̀ ni kíka ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ bu omi fúnra yín, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó igbó. Tí odò bá kún, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ lo ike tí láàbù ti fi ásíìdì fọ̀. Ẹ kọjú síbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín rú má baà wọnú ike, kí ẹ sì rì í tó sẹ̀ǹtímítà 20. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kán ásíìdì náítríìkì sí i títí pH, ìyẹn òdiwọ̀n bí omi ṣe kan tó, á fi wà lábẹ́ 2. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òjé á lẹ̀ mọ́ ara ike, láàbù á sì kà á sí kékeré ju bó ṣe wà lọ. Ẹ kọ déètì, aago àti ibi tí ẹ ti bù ú sára ike lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi ṣe òdiwọ̀n òjé nínú omi mímu. Ẹ gbé nọ́ńbà tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìwé ìmọ̀ràn yín ò gbọdọ̀ ju ojú ewé 2 lọ. Ohun tí ẹ ń fẹ́ ni kó wà lókè pátápátá: “A ń bẹ Kọmíṣọ́nnà fún Àyíká kó pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ omi Ọ̀ṣun wò lóṣooṣù ní ibi 3, kí wọ́n sì máa lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó.” Ẹ fi ìwé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ kejì bá òṣìṣẹ́ tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bi í léèrè ohun tó kù. Àtúnṣe tó bá fi bírò kọ sí etí ìwé yín, ẹ tọ́jú rẹ̀. Òun ni kí ẹ gbé dání tí ẹ bá ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.