Páìpù tó há ló ń jẹ owó yín, kì í ṣe kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ to páìpù afẹ́fẹ́ sí ilé iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó gba ọjà lọ, nítorí owó tí mo ń rí tó ń ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an.

Èkíní ni pé àwọn ènìyàn a wo ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, wọn a sì ra páìpù tó bá ẹnu náà mu, láìbéèrè bí irinṣẹ́ tó kẹ́yìn ṣe jìnnà tó àti iye irinṣẹ́ tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú páìpù lọ ni agbára rẹ̀ ń dín kù, bí páìpù bá sì ṣe há tó ni àdánù náà ń le tó. Bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà bá gba inú páìpù tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, àdánù yẹn yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú 32. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ óò ra páìpù. Ojoojúmọ́ ni ẹ óò máa ra dísẹ́ẹ̀lì.

Mo dé ìsọ̀ àwọn kan tó ń ṣe àga. Ọ̀gá ibẹ̀ ní bí àwọn tó ń fín ọ̀dà bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìbọn ìṣó kì í lè kan ìṣó wọlé tán mọ́, orí ìṣó a máa yọ lára igi, wọn a sì tún fi òòlù kàn án. Ó ti ra kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kejì, ó ti pààrọ̀ jẹnẹrétọ̀ sí èyí tó tóbi jù ú lọ, ibi tí ọ̀rọ̀ wà náà ló sì wà. Mo so géèjì kan, ohun tí a fi ń wo agbára afẹ́fẹ́, mọ́ ẹnu táǹkì, mo so òmíràn mọ́ ìdí ìbọn tó jìnnà jù, mo ní kí gbogbo wọn máa ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ti ẹnu táǹkì wà lórí 8 bar (bar ni ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), ti ìdí ìbọn wà lórí 5. Ohun tó wà láàárín wọn ni páìpù háàfù ínṣì tó gùn la gbogbo ilé já, tí ẹ́líbọ̀, ìsopọ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ, sì wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mẹ́wàá kò lè wo irú páìpù bẹ́ẹ̀ sàn, torí bí afẹ́fẹ́ tó ń gba inú rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, àdánù á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. A tú u dànù, a fi ti ínṣì kan àbọ̀ yí ilé ká, a so ìparí rẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀nà méjì dé ìdí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá náà sì pa kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kejì tì. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi géèjì wò ó kí wọ́n tó ná owó?

Ẹ̀yin tí ẹ ń yí agbára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sókè ńkọ́? Ní nǹkan bí 7 bar, bar kan tí ẹ bá fi kún un yóò fi bí ìdá 7 nínú 100 kún iná tí ẹ ń jó. Àdánù láti ẹnu kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dé ìdí irinṣẹ́ kò yẹ kó ju ìdá kan nínú 10 lọ.

Èkejì: ẹ má fi páìpù PVC, ìyẹn páìpù oníke, gbé afẹ́fẹ́ láéláé. Bí ó bá bẹ́, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ ni, àfọ́kù rẹ̀ sì lè pa ènìyàn.

Omi tún wà níbẹ̀, inú afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń fà ló ti ń wá. Lásìkò òjò ní Èkó, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń fa kúbíìkì mítà 3 ní ìṣẹ́jú kan lè tú omi tó lítà mẹ́ta àbọ̀ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kí páìpù dagẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì lórí mítà kọ̀ọ̀kan, sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kí ẹ fi fáfù tí ẹ óò máa fi da omi nù sí ibi tó rẹlẹ̀ jù. Òkè páìpù ni kí ẹ ti máa yọ ẹ̀ka, nítorí ẹ̀ka tó bá ti abẹ́ jáde ni omi àti ìpẹtà ń gbà wọ inú irinṣẹ́.

Ẹ má to páìpù tó fẹ̀ tán kí ẹ wá fi hóòsì tín-ín-rín tó gùn parí rẹ̀.

Ní ti jíjò, ihò mílímítà 3 péré ní 7 bar lè jẹ iná tó kílówáàtì 3. Lálẹ́, nígbà tí kò sí irinṣẹ́ kankan lẹ́nu iṣẹ́, ẹ tan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kó kún títí yóò fi dákẹ́, kí ẹ sì jókòó tì í. Bí ó bá tún dìde, afẹ́fẹ́ ń jò nìyẹn; ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ìdí hóòsì; ibi tó bá ń hó ló ń jò.