Ewé Fún Ẹ́síímà àti Ara Yíyún: Ẹ Kà Á Kẹ́ Ẹ Tó Já Ewé Kankan

"Ewé wo ló dáa fún ẹ́síímà?" Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu èèyàn l'Abẹ́òkúta, pàápàá tí ọyẹ́ bá ti dé tí ojúgun gbogbo wa ti ń funfun. Mo máa dáhùn ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ pé ewé gan-an kọ́ ló sábà máa ń ba ara jẹ́ fún wa, nǹkan tá a máa ń pò mọ́ ọn ni: ọsàn wẹ́wẹ́, kán-ún, ògógóró, ọṣẹ dúdú tó ń ta. Torí ẹ̀, a ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí ewé.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lára yín dáadáa. Gbogbo ara tó ń yún kọ́ ni ẹ́síímà. Tó bá rí roboto, tí etí ẹ̀ ga díẹ̀ tí àárín ẹ̀ sì ń mọ́, tó wá ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́, làpálàpá nìyẹn, fọ́ngọ́ọ̀sì ló fà á. Tó bá jẹ́ pé òru ló máa ń yún yín jù, láàárín ìka, ní ọrùn ọwọ́, ní ìdí, tí ọmọ kan ń họra nínú ilé tí èkejì náà wá bẹ̀rẹ̀, kúrúnà ni kẹ́ ẹ rò sí, kòkòrò kékeré ló wọ abẹ́ awọ lọ, ètí erin (aloe vera) ò lè lé e, oògùn kẹ́míìsì ni, gbogbo ilé ló sì máa lò ó lọ́jọ́ kan náà. Ẹ́síímà ní tiẹ̀ fẹ́ràn kọ́rọ́ ìgúnpá, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn, àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, ó máa ń lọ ó máa ń bọ̀, ó sì wọ́pọ̀ nínú ẹbí tí asíímà bá wà. Psoriasis, àrùn tí awọ ti ń sáré hù jù, máa ń nípọn, ìpẹ́pẹ́ funfun á máa já lára ẹ̀, orí ìgúnpá àti orúnkún gan-an ló máa ń jókòó sí, àti àtàrí. Tẹ́ ẹ bá wá rí ojú kan tí àwọ̀ ẹ̀ ti ṣí, tẹ́ ẹ fi òwú kàn án tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n lára, ẹ má já ewé kankan, ẹ gba ọsibítù lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀tẹ̀ wò, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀, ó sì ń wò ó sàn.

Ẹ máa kà á níbi púpọ̀ pé ara tó ń wú máa ń pọ́n. Lára tiwa tó dúdú, kì í sábà pọ́n, ṣe ló máa ń dúdú sí i tàbí kó ní àwọ̀ eérú, ẹlòmíì á tiẹ̀ rò pé ìdọ̀tí ni, á wá máa fi kànrìnkàn bó o. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, tó bá gbóná tó le ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, ara ń wú níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rá ló wá kàn, ewé ò tíì dé. Awọ tó ní ẹ́síímà ti la, omi ara ń gba ibẹ̀ jáde, nǹkan tó ń mú ara bínú ń gba ibẹ̀ wọlé, tẹ́ ẹ bá gbé ewé tó lágbára jù lórí ilẹ̀ lé e láì kọ́kọ́ dí i, owó lẹ fi ṣòfò. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kó má pẹ́, ẹ má fi kànrìnkàn họ ibẹ̀. Kí ara tó gbẹ tán, kẹ́ ẹ ti fi òrí pa á. Òrí tí kò ní lọ́fíńdà, tí ò sì kan, èyí tí wọ́n ń gbé wá láti òkè ọ̀hún ní Kwara àti apá Ṣakí, ó wà ní Kútọ̀ àti Láfẹ́ńwá. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá ti ń rùn bí òróró àná, ẹ fi sílẹ̀. Àdí àgbọn náà dáa, wọ́n ti fi wé mineral oil, òróró tí wọ́n ń yọ látinú epo rọ̀bì, lára àwọn ọmọ tó ní ẹ́síímà ní Philippines, àdí àgbọn ló sì yọrí. Òróró ólífì tí wọ́n gbàdúrà sí fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ẹ gbé e síbi àdúrà jàre, ó máa ń tú ohun tó so awọ pọ̀, kì í ṣe fún ara tó la.

Ó ku ewé.

Ètí erin ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, àmọ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń lò ó ò dáa. Ẹ gé ewé tó ti gbó, tó sanra, látìdí. Ẹ gbé e dúró sínú ife kí ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé e kọ ìsàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Oje yẹ́lò kan máa sun síta, ó korò, òórùn ẹ̀ ò sì dáa, oje yẹn ló ń mú kí ara ẹlòmíì máa yún lẹ́yìn tó bá fi ètí erin pa á tán, òun náà ló ń ṣí inú tí wọ́n bá mu ún. Ẹ dà á nù. Ẹ wá ṣan ewé, ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé ẹ̀gún etí ẹ̀ méjèèjì kúrò, ẹ bó èèpo ẹ̀ lápá òkè àti ìsàlẹ̀. Ohun tó kù, tó mọ́ gaara tó ń yọ̀ bọ́rọ́bọ́rọ́ lọ́wọ́, ni tiyín, ẹ tún fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, tí yẹ́lò bá ṣì wà lára ẹ̀ ẹ gé ibẹ̀ sọ nù. Iye tẹ́ ẹ máa lò lónìí ni kẹ́ ẹ bó. Inú fíríìjì ló máa wà dọ̀la, ìyẹn tí iná bá wà o, tó bá ti ń ṣe omi tó sì ń kan, ó ti bàjẹ́. Ẹ fi pa ojú tó ń gbóná, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi òrí bò ó, torí ètí erin nìkan máa ń fa ara gbẹ.

Dóńgóyárò, inú òróró ni kẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ má fi ewé tútù gún un lé ara. Ẹ fọ ewé ẹ̀, ẹ sá a sábẹ́ òjìji títí á fi máa fọ́ lọ́wọ́, ẹ má kánjú níbí torí omi tó bá ṣẹ́ kù nínú ewé ló ń jẹ́ kí òróró hu. Ẹ rún un sínú ìgò gbígbẹ, ẹ da àdí àgbọn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ìgò náà sínú ìkòkò omi lórí iná kékeré, bíi wákàtí méjì, omi ẹ̀ ò gbọdọ̀ hó. Kó tutù, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é sára ìgò. Ó ń pa kòkòrò, ó sì ń rọ ibi tó wú. Òórùn ẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ yín lálẹ́, ẹ faradà á. Àmọ́ òróró tí wọ́n fún látinú èso dóńgóyárò, ẹ má fún ọmọdé mu láéláé, májèlé ni sí wọn.

Ata ilẹ̀ pupa (turmeric) lórúkọ ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára awọ lọ, èmi ò rí i bíi nǹkan ńlá. Curcumin tó wà nínú ẹ̀ ń dá wíwú dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè wọ inú awọ, àwọ̀ ẹ̀ á sì ba bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì yín jẹ́. Ẹfinrin ń ta ojú egbò, ẹ sè é lọ́bẹ̀. Àsùnwọ̀n òyìnbó, làpálàpá ni iṣẹ́ tiẹ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an, ṣùgbọ́n ẹ́síímà kọ́. Rinrin àti òdúndún tí àwọn àgbà fi ń tu ara, ẹ lè fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, ẹ dé e, kó tutù tán kẹ́ ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ gbé lé ibi tó ń yún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù lọ́jọ́ yẹn.

Ótìsì kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa àmọ́ mi ò lè fo ó, torí láti 2003 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti gbà á wọlé bí ohun tó ń dáàbò bo awọ. Ẹ lọ̀ ọ́ ní blender títí á fi kúnná, ẹ bu ṣíbí kan sínú ife omi ẹ rò ó, tí omi bá funfun bíi mílíìkì ó ti tó, tó bá kàn rọ̀ sísàlẹ̀ ẹ tún un lọ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi ìwẹ̀.

Ẹ̀lú wá ńkọ́, ṣebí àwa la ni aró? Àwọn ará Ṣáínà ní ẹ̀bù aláwọ̀ aró kan tí wọ́n ń pè ní qingdai, ara ewé tó ń mú aró jáde ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní 2008 àwọn dókítà ní Taiwan tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí èèyàn 42 tí psoriasis wọn ò gbọ́ oògùn mọ́, wọ́n fi ìpara tó ní ẹ̀bù yẹn sí apá kan ara, wọ́n fi èyí tí kò ní in sí apá kejì, apá tó rí aró ló sàn jù. Indirubin lorúkọ nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, ó máa ń dẹ ẹsẹ̀ awọ tó ń sáré hù jù. Ó dùn mọ́ mi nínú gan-an, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé nítòsí Ìtokù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ ti apá bọ ìkòkò aláàdìrẹ o! Omi eérú tàbí kọ́sítíìkì ló wà níbẹ̀, á bó yín. Igi ẹ̀lú tiwa sì yàtọ̀ sí ti àwọn ará Ṣáínà.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ dán an wò. Inú apá, nítòsí ìgúnpá, níbi tí kò sí nǹkan kan, ẹ fi ìwọ̀n tó tó kọ́bọ̀ síbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá yún, tó léròrò, tó dúdú, ewé yẹn kì í ṣe tiyín, kì báà jẹ́ pé ó wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín sàn. Ewé kan lẹ́ẹ̀kan náà ni o, torí tẹ́ ẹ bá po márùn-ún pọ̀ tí ara wá dàrú, ta ni kẹ́ ẹ mú?

Ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀, oje ẹ̀ tí oòrùn bá bá a lára, ó ń jó awọ, á léròrò, àpá dúdú ẹ̀ sì lè pẹ́ lára fún oṣù púpọ̀, pẹ̀lú irú oòrùn tó ń kọ lórí àpáta wa yìí. Ògógóró ń fa nǹkan jáde lára egbò igi lóòótọ́, inú ìgò ló ti wúlò, kì í ṣe lójú ara tó bó. Ọṣẹ dúdú, eérú ni wọ́n fi ṣe é, pH ẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí nǹkan ṣe kan tàbí bó ṣe ń ta tó, lè tó 9 tàbí 10, bẹ́ẹ̀ awọ wa ò fẹ́ ju nǹkan bíi 5 lọ.

Tẹ́ ẹ bá lọ ra ewé lọ́wọ́ ìyá elewéọmọ, ẹ ra èyí tójú yín rí, tútù tàbí gbígbẹ, ẹ má gba èyí tí wọ́n ti gún kúnná tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìpara tí wọ́n ní ewé lásán ni, tó wá mú ara yín dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ fura sí i, púpọ̀ nínú wọn ló ń jẹ́ pé wọ́n ti yọ́ sítẹ́rọ́ìdì sínú ẹ̀, oògùn líle tó ń rọ ibi tó wú, bíi clobetasol tàbí betamethasone. Awọ á fẹ́lẹ́, á máa là, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró á padà wá pẹ̀lú ìbínú. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC ara ẹ̀. Sítẹ́rọ́ìdì tí dókítà kọ fún yín, tó sọ iye ọjọ́ fún yín, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má torí ewé jù ú nù.

Tí ibà bá wọ̀ ọ́, tó ń ṣe ọyún, tí èèpá yẹ́lò bò ó, tó sún mọ́ ojú, tàbí tí eéwo kéékèèké tó ń dunni sú bò ó lójijì, ẹ fi ewé sílẹ̀, ẹ lọ ọsibítù, FMC ní Ìdí-Àbà tàbí Sacred Heart ní Láńtòrò, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọmọ ọwọ́ náà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ mú ìgò òróró àti ìpara yín dání, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ewé tẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ẹ̀ fún dókítà kó tó bi yín, tó fi mọ́ èyí tí ìyá yín ní kẹ́ ẹ má sọ.