Ọsàn nínú omi fún àwọn ọmọ Praimárì Kìíní

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò táàmù kẹta bá ti parí, táwọn ọmọ ń pariwo ṣáá, ẹ wá ọsàn méjì àti ike omi kan tí a lè rí inú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: "Ṣé ó máa léfòó ni àbí ó máa rì?" Kí wọ́n nawọ́ kí ẹ tó sọ ọ́ sómi. Odidi ọsàn á léfòó. Ẹ wá bó ìkejì. Ibí ni mo ti ṣìṣe lọ́jọ́sí: mo fi ọ̀bẹ bó o bíi tàwọn ọlọ́sàn, ló bá tún léfòó, làwọn ọmọ bá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Awọ funfun tó kù lára rẹ̀ ló gba afẹ́fẹ́ sínú. Ẹ fọwọ́ ṣí ìyẹn náà kúrò pátápátá, ẹ máa rí i tó máa rì.

Ẹyin gbówó lórí, mo mọ̀, àmọ́ ẹyọ kan tó kíláàsì. Nínú ife omi lásán, á rì. Ẹ máa ro iyọ̀ mọ́ omi náà ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, káwọn ọmọ máa kà á, títí ẹyin á fi gbéra.

Kí omi tí ẹ sọ ọsàn sí yẹn mọ́ o, torí wọ́n máa jẹ ọsàn náà ni.