Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kí A Fi Jíìpù Kékeré Rọ́pò Ọkọ̀ Tó Ti Gbó

Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dákú sí oríta Ọláìyá lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè kíkankíkan, kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kí ẹnikẹ́ni pinnu pé òun fẹ́ tà á. Ìbínú àti ìtìjú kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣe ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣirò ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òṣogbo ló ń gun Corolla, Camry tàbí Golf tó ti lé ní ogún ọdún, tí wọ́n sì ń rò ó pé ó tó àkókò láti bọ́ sínú jíìpù kékeré bíi RAV4, CR-V tàbí Tucson. Ó lè tó àkókò lóòótọ́. Ó sì lè má tíì tó. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé ọjọ́ orí ọkọ̀ kọ́ ló ń dá ẹjọ́ yìí, ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ọ́fíìsì ń gùn kọ́ sì ni. Irú àìsàn tó ń ṣe ọkọ̀ náà, iye tó ń gbà lọ́wọ́ wa lọ́dún, àti iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe fún wa ló ń dá a.

Ẹ kọ ìnáwó sílẹ̀

Ẹ wá ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀, kí ẹ sì máa kọ gbogbo owó tó bá ti ara ọkọ̀ náà jáde sínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán: ọjọ́, iye tí ẹ ná, ohun tí wọ́n tún ṣe, àti iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà. Bí rìsíìtì àtẹ̀yìnwá bá wà, ẹ fi kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì. Apá kìíní ni ohun tí gbogbo ọkọ̀ ń jẹ, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté Èkó dé: ọ́ìlì àti fílítà, púlọ́ọ̀gì, páàdì bíréèkì, táyà, bátìrì. Ẹ má fi owó yìí kan ọkọ̀ àgbà lẹ́sùn, nítorí pé jíìpù tí ẹ fẹ́ rà náà yóò máa béèrè rẹ̀, táyà tirẹ̀ sì sábà máa ń tóbi, kó sì wọ́n ju ti ọkọ̀ kékeré lọ. Apá kejì ni àwọn àtúnṣe tó ń padà wá, bí ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù kejì tó tún bàjẹ́ ní oṣù karùn-ún, pẹ̀lú gbogbo ìbàjẹ́ tó dá yín dúró sójú ọ̀nà. Apá kejì yìí nìkan ni ẹ ó máa bá ọkọ̀ yín ṣírò.

Ẹ wọn epo pẹ̀lú. Ẹ rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, ẹ kọ kìlómítà sílẹ̀, ẹ máa rìn bí ẹ ṣe máa ń rìn títí epo fi lọ sí ìdajì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún rọ ọ́ kún ní ilé epo kan náà, kí ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Bí ọkọ̀ náà bá ń ka máìlì, ẹ kọ́kọ́ sọ iye máìlì náà di ìlọ́po 1.6. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan sì gun orí ₦1,000 kọjá ní ọdún 2024, ìyàtọ̀ kìlómítà méjì lórí lítà kan kì í tún ṣe ohun kékeré mọ́. Nínú òṣùwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde, Corolla 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 ń rìn nǹkan bíi kìlómítà 12 lórí lítà kan, nígbà tí RAV4 ọdún kan náà tó ní ẹ́ńjìnnì 2.5 ń rìn nǹkan bíi 10. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa, àwọn méjèèjì yóò wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá ibi tí àìsàn ọkọ̀ wà

Ìbẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ni òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó tan ọkọ̀. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, kí ẹ yí inú rẹ̀ padà sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ohun funfun tó ki bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí omi ti máa bá ọ́ìlì pàdé nínú ẹ́ńjìnnì, ó sì yẹ kí mẹkáníìkì yẹ gáskẹ́ẹ̀tì wò, ìyẹn ohun tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Ẹ wá tan ọkọ̀, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jó. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná ń sọ pé omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Dúdú ń sọ pé epo tó ń wọlé ti pọ̀ jù, ìyẹn ló sì máa ń rọrùn jù láti tún ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan AC, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró nínú oòrùn ọ̀sán fún ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú láìpa á, kí ẹ sì máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ó ṣe gbóná tó. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ yẹn kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń lọ sí Ìbàdàn.

Ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí mẹkáníìkì yín fi òòlù kékeré kan irin abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá níbi tí apá táyà ti so mọ́ ara ọkọ̀. Irin tó le yóò dún ketekete. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ yóò máa ya, tàbí kó jìn sínú. Níbí yìí ni èmi kì í ti í gba àwíjàre. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, gíà ṣeé pààrọ̀, réwáyà tó mọṣẹ́ lè tún wáyà fà láti orí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà jinlẹ̀, tàbí tí ìjàǹbá ti lọ́ ṣáàsì rẹ̀, kò yẹ kí a máa kó ọmọ sí mọ́, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára tó. Ó dùn mí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn ènìyàn máa ń kùn ní ọ̀dà tuntun, tí wọ́n á tún rán aṣọ sí àga rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ fi owó wé owó

Àpẹẹrẹ lásán nìyí. Ká ní ọkọ̀ yín lè pa ₦3,000,000, àwọn àtúnṣe apá kejì sì gba ₦400,000 lọ́wọ́ yín láàárín ọdún kan. Jíìpù tí ẹ ń wò jẹ́ ₦9,000,000. Bí ẹ bá ta ti àtijọ́, ẹ ó fi ₦6,000,000 kún un, owó yìí sì tó láti máa tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe fún ọdún 15 bí ìnáwó náà kò bá yí padà. A kò tíì ka owó ìwé, sáfísì àkọ́kọ́ àti ìyàtọ̀ epo. Nítorí náà, owó àtúnṣe nìkan kì í sábà tó ìdí láti pààrọ̀ ọkọ̀, ó sì dára kí a mọ èyí kí a tó yá owó. Ìgbà tí mo máa ń ka ọ̀rọ̀ sí èyí tó ti yí padà ni ìgbà tí àtúnṣe apá kejì láàárín oṣù méjìlá bá ti kọjá ìdajì iye tí ọkọ̀ lè pa, tàbí tí ọkọ̀ bá ti dá yín dúró lójú ọ̀nà débi pé ẹ kò lè fọkàn tán an mọ́ láti gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn lóru. Bí ẹ bá rí i pé ìnáwó ti ń sún mọ́ ìdajì yẹn, ẹ tà á nígbà tó ṣì ń rìn. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fà dé iwájú ẹni tó fẹ́ rà á kì í pa owó gidi.

Bí ẹ bá fẹ́ ra jíìpù náà, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí ẹ ní pamọ́. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tuntun, ó sì yẹ kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà, omi bíréèkì àti bẹ́líìtì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jìnnà. Ìnṣọ́ráǹsì tó kéré jù lọ tí òfin pàṣẹ ti di ₦15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023, ẹni kejì tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe ló sì wà fún. Ẹni tó bá fi gbogbo owó ìfowópamọ́ rẹ̀ ra jíìpù yóò ṣe rere láti ra èyí tó kárí ọkọ̀ tirẹ̀ náà. Bí owó kò bá pé, ẹ kọ́kọ́ wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ yín kí ẹ tó ya ọ̀dọ̀ àwọn olówó èlé.

Ṣé jíìpù ló kàn lóòótọ́?

Ẹni tó ń lọ láti Òkè-Fíà sí Abẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ lórí ọ̀nà ọlọ́dà, tí òun nìkan tàbí ènìyàn méjì sì máa ń wà nínú ọkọ̀, kò nílò jíìpù. Ọkọ̀ kékeré mìíràn tí ara rẹ̀ dá yóò sìn ín dáadáa. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tó kọ́lé sí ibi tí ọ̀dà kò tíì dé, tí òjò oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án máa ń gbẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ di ọ̀gbun, tí abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ sì ń gbá ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń wọlé. Abẹ́ Corolla 2009 fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ga sílẹ̀, ti RAV4 ìgbà náà sì jẹ́ nǹkan bíi 19. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin yẹn ló máa ń yọ agbada ọ́ìlì nínú ewu òkúta.

Àwọn àgbàlagbà tún jẹ́ ìdí pàtàkì tí a kì í sábà kà sí. Bí ìyá tàbí bàbá tí orúnkún ń dùn bá ń bá yín gbé, ẹ mú wọn dání lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì jáde fúnra wọn. Àga ọkọ̀ kékeré ń mú kí wọ́n rì sísàlẹ̀. Ti jíìpù kékeré sábà máa ń bá ìbàdí wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n àwọn kan ga jù fún ẹni tó kúrú. Kò sí ìwé tó lè dáhùn èyí fún yín bí ìjókòó náà fúnra rẹ̀.

Nípa èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fa ọkọ̀, yìnyín àti ẹrẹ̀ jíjìn ni ó wúlò fún jù lọ. Ní Òṣogbo, àyàfi bí ẹ bá ń wọ oko lásìkò òjò, ẹ ra èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà: ohun tó lè bàjẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, epo tó ń jẹ sì dín díẹ̀.

Yíyàn àti yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín irú èyí tó ti tú rí, nítorí pé ọkọ̀ tó dára lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ búburú. Nínú RAV4, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 láti 2006 sí 2008 jẹ́ èyí tí wọ́n mọ̀ sí ajẹ-ọ́ìlì, débi pé Toyota gbé ètò àtúnṣe pàtàkì kalẹ̀ fún irú ẹ́ńjìnnì náà ní Amẹ́ríkà. Láti 2009 ni wọ́n ti fi 2.5 rọ́pò rẹ̀, òun ni èmi yóò sì yàn. Nissan Rogue ní gíà CVT, ìyẹn gíà tó ń yí ara rẹ̀ padà láìní ìpele, Nissan sì fa àkókò tí wọn yóò fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lórí gíà CVT àwọn ọkọ̀ 2003 sí 2010 gùn di ọdún mẹ́wàá tàbí 120,000 máìlì ní Amẹ́ríkà nítorí ìṣòro rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó rí ẹ̀rí pé wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì gíà náà lásìkò, kó sì fi gun òkè gígùn kan kó tó sanwó.

Ẹ ka nọ́ńbà ṣáàsì, tí ó jẹ́ àmì 17. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Oníṣòwò tó pe ọkọ̀ ní 2010, tí àmì rẹ̀ sì jẹ́ 8, ti sọ irú ènìyàn tí òun jẹ́ fún yín. Nọ́ńbà yìí kan náà ni ẹ ó tẹ̀ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, láti mọ̀ bóyá àtúnṣe ìpè-padà kan, ìyẹn àbùkù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ní kí wọ́n gbé e padà wá fún, ṣì wà tí wọn kò tíì ṣe. Honda CR-V 2002 sí 2011 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí báàgì afẹ́fẹ́ Takata, tó lè bú kí irin rẹ̀ sì fò lu ẹni tó jókòó. Bí wọn kò bá tíì ṣe é, ẹ wá òmíràn.

Ọkọ̀ tí omi ti bò rí pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kó wọlé, pàápàá lẹ́yìn àwọn ìjì ńlá bí Harvey tó lu Texas ní 2017. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé ìdí rẹ̀. Ẹni tó fọ ọkọ̀ sábà máa ń gbàgbé ibẹ̀, ìlà ẹrẹ̀ yóò sì hàn lára aṣọ náà. Ẹ tún gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ sókè, kí ẹ gbóòórùn abẹ́ rẹ̀. Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà wò. Kí iná ìkìlọ̀ má tàn kò tó: bí ẹ̀rọ bá sọ pé àwọn àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà náà kò tíì parí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn ẹ̀sùn ibẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n wà á fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó padà wá.

Títa ti àtijọ́

Ẹ sọ àbùkù ọkọ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú nọ́ńbà ṣáàsì, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ gba ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ láti pààrọ̀ orúkọ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Títí orúkọ yóò fi yí padà, bí ọkọ̀ náà bá lu ènìyàn lójú ọ̀nà Ìkìrun, ẹnu ọ̀nà yín ni àwọn ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ dé, ìwé àdéhùn tó ní wákàtí nínú ni ẹ ó sì fi hàn wọ́n.